Àyangbẹ Graphics Card

Ilé wa ṣì ń rùn. Gbogbo fèrèsé ló ṣí sílẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí, ìyàwó mi sì ti búra pé òun ò ní fi ófùn yẹn yan ohun tí èèyàn máa jẹ mọ́ láéláé.

Mọ́nítọ̀ kọ̀ǹpútà mi ló ń ṣẹ́jú. Ẹ̀kán funfun wínníwínní á máa fò kọjá lójú rẹ̀, á ṣókùnkùn díẹ̀, á tún padà. Èmi ọ̀mọ̀ràn, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì: graphics card, pátákó inú kọ̀ǹpútà tó ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí mọ́nítọ̀, ti ń kú lọ. Mo wá rí ọkùnrin kan nínú fídíò tó ní kí n tú fáànù rẹ̀ kúrò, kí n gbé ìyókù sínú ófùn ní 200°C, pé léèdì, irin rírọ̀ tí wọ́n fi jó o pọ̀, á yọ́, á sì tún ara rẹ̀ dì mú. Ohùn rẹ̀ balẹ̀ dáadáa. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá balẹ̀ báyẹn, mo máa ń gbà á gbọ́. Àìsàn mi nìyẹn.

“Kí ló ń jóná?” Ìyàwó mi ló kígbe láti pálọ̀.

“Kò sí nǹkan kan. Kọ̀ǹpútà ni mò ń tún ṣe.”

Ó dákẹ́ díẹ̀. “Nínú ófùn?”

Ìgbà tó bi mí yẹn ni èmi náà tó gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣe ń dún létí. Ó ti pẹ́ jù. Ike ibi tí wáyà iná ń wọ̀ lára káàdì náà ti rọ̀ wọ̀ọ̀.

Wọ́n ní àyangbẹ ajá dùn. Ti graphics card ò dùn rárá.

Mo dá a padà sáyè rẹ̀, mo tan kọ̀ǹpútà. Fáànù ń yí, mọ́nítọ̀ dúdú kirikiri. Iná kékeré kan wà lára motherboard, pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́, tí wọ́n kọ VGA sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó tàn, kò sì kú. VGA yẹn, graphics card ni. Ìyẹn ni pé kọ̀ǹpútà ti dárúkọ ẹni tó ń ṣàìsàn. Èmi ní irọ́ ni. Mo yọ RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí, mo fi ìrésà nu ẹnu rẹ̀, mo tì í padà. Mo yọ bátìrì roboto CR2032, kí BIOS, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà, lè gbàgbé gbogbo ohun tó mọ̀. Ó gbàgbé. Iná VGA ò gbàgbé.

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tí agọ̀ mi ti gba adé. Motherboard ní ihò HDMI tirẹ̀ lẹ́yìn, ni mo bá yọ káàdì kúrò, mo ki okùn mọ́nítọ̀ bọ ibẹ̀. Òkùnkùn. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i. Mo tan tọ́ọ̀ṣì wò ó. Mo yí okùn po, mo fi orí ṣe ìdí, bẹ́ẹ̀ orí àti ìdí rẹ̀ ò yàtọ̀ síra. Mo bẹ̀ ẹ́, mo kì í. Ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ kí n tó rántí wo orúkọ processor mi, ọpọlọ kọ̀ǹpútà: lẹ́tà F ló gbẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tó bá ní F nídìí báyẹn kì í ní graphics nínú, bẹ́ẹ̀ inú processor ni ihò HDMI ti motherboard ti ń rí àwòrán. Nítorí pé owó rẹ̀ dín díẹ̀ ni mo ṣe rà á! Láti alẹ́ ni mo ti ń kanlẹ̀kùn ilé tí kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin inú fídíò yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá jà. Léèdì òde òní kò ní òjé nínú mọ́. Ó tó nǹkan bí 217°C kó tó yọ́. Ohun tó yẹ kó yọ́ kò yọ́, ike tí kò yẹ kó yọ́ ló yọ́. Àwọn tí káàdì tiwọn tiẹ̀ jí lẹ́yìn ófùn, kì í sábà pẹ́ kó tó tún kú. Ṣé ẹ ti rí èyíkéyìí nínú wọn tó padà wá ṣe fídíò ìsìnkú rẹ̀?

Àbúrò mi gbé káàdì àlòkù tirẹ̀ wá. Àwòrán yọ, mo pariwo ayọ̀. Kí n tó pariwo tán, ẹ̀kán funfun wínníwínní fò kọjá.

Àbúrò mi ò sọ̀rọ̀. Ó fa okùn HDMI yọ, ó lọ tú ti tẹlifíṣọ̀n wá, ó ki í bọ̀ ọ́. Mọ́nítọ̀ mọ́ kedere.

Okùn ni. Láti ọjọ́ yìí, okùn ni. Mo yan aláìṣẹ̀.

Ó fi káàdì rẹ̀ sílẹ̀ fún mi, kó ṣeun. Ó ti dẹ́nu ọ̀nà kó tó yíjú padà: “Ẹ̀gbọ́n, tí nǹkan bá ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún un ṣe.”