Ẹ̀jẹ̀ Ọkọ Mi Dì, Ẹ Bá Mi Yin Olúwa

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ̀yin tí ẹ bá wa gbààwẹ̀, èmi Ìyá Ìyanu ni mò ń kí yín láti Iléṣà. Bàbá Ìyanu ti délé. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn wọ yàrá.

Oko kòkó ni paramọ́lẹ̀ ti ṣán an lọ́rùn ẹsẹ̀, níbi tó ti ń gbá ewé gbígbẹ jọ. Àwọn tó wà nítòsí fi okùn di ẹsẹ̀ náà, wọ́n sì sín in ní gbẹ́rẹ́ mẹ́ta, kí oró lè jáde. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ṣùgbọ́n gbẹ́rẹ́ mẹ́ta yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọkọ lọ́wọ́ mi. Láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Mo fi aṣọ dì í, ó rin gbingbin. Mo pààrọ̀ rẹ̀, ó tún rin. Nídàájí ó tutọ́, ẹ̀jẹ̀ ni.

Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ gbé e lọ kò ní abẹ́rẹ́ oró ejò. Ní èkejì, dókítà fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án fún 20 ìṣẹ́jú. Mo dúró tì í, mò ń ka Sáàmù 121. Nígbà tó dorí ìgò kodò, ẹ̀jẹ̀ náà ṣàn lọ bí omi ìsápá.

Mo bi dókítà léèrè, ó sì fara balẹ̀ dá mi lóhùn. Ó ní ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, fibrinogen lorúkọ rẹ̀, òun ló ń di òwú tó ń pa ojú ọgbẹ́ dé. Àwọn purotéènì inú oró irú ejò yìí a máa sọ ọ́ di òwú wẹ́wẹ́ káàkiri inú ara, níbi tí kò sí ọgbẹ́ rárá, títí yóò fi tán pátápátá. Bí ọgbẹ́ bá wá dé, kí la ó fi rán an? Àwọn purotéènì mìíràn a sì máa jẹ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí ìdí eyín rẹ̀ máa ṣẹ̀jẹ̀.

Wọ́n fa abẹ́rẹ́ náà sí i lára. Ẹṣin tàbí àgùntàn tí wọ́n ti fún ní oró díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ti ń rí i (ẹ wo ọgbọ́n tí Ọlọ́run fún ọmọ ènìyàn!). Lẹ́yìn wákàtí 6, wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ wò: ó ṣì ń ṣàn. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ kún un. Wákàtí 6 mìíràn pé, nọ́ọ̀sì dorí ìgò kodò, kò sì sí ohun tó já bọ́. Ẹ̀jẹ̀ náà dì sídìí rẹ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Nọ́ọ̀sì ní, "Mọ́mì, ẹ wò ó." Orí símẹ́ńtì ibẹ̀ ni mo kúnlẹ̀ sí.

Ẹ̀yin tí ẹ fún un lẹ́jẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ dáwó abẹ́rẹ́, Olúwa kò ní jẹ́ kí ẹ ṣòfò. Mo sì bẹ̀ yín, bí ejò bá ṣán ẹnikẹ́ni, ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má so ó lókùn. Ẹ má jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ náà rìn, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá.

Láàárọ̀ yìí, ó ń fá irùngbọ̀n, abẹ gé e lẹ́rẹ̀kẹ́. Mo dúró, mò ń wo aago. Kò tó ìṣẹ́jú 5 tí ẹ̀jẹ̀ fi dá. Mo ké Halelúyà, gbogbo ilé sáré wọlé wá bá wa.