Ọkọ̀ òfurufú aláìní-awakọ̀ fún ìwádìí, Àkúrẹ́: pitot ti wọlé, ó ku òwú

Iṣẹ́ apá àti ìrù ti parí. Fóòmù bọ́ọ̀dù mílímítà 5 la gé: apá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 130, ó fẹ̀ ní 20. Pẹ̀lú bátìrì 3S (oní-sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta) 2200 mAh, gbogbo rẹ̀ wọn kílò 1.2. Mọ́tọ̀ 2212 oní-1000 Kv (ìyípo 1000 ní ìṣẹ́jú kan fún fólítì kan) ló ń yí propeller, abẹ̀bẹ̀ tó ń fa ọkọ̀, 10×4.5, ESC 30 A, ẹ̀rọ tó ń darí iná mọ́tọ̀, sì ń gbé e láìgbóná. Epoxy la fi so ìdí apá, torí gọ́ọ̀mù gbígbóná a máa rọ̀ nínú oòrùn ọ̀sán, apá á sì tú lókè. Bátìrì là ń sún síwá-sẹ́yìn títí ọkọ̀ yóò fi dúró gbọọrọ lórí ìka méjì tí a fi sí sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6 láti etí iwájú apá. Bó bá kọjá 6, imú á máa gbé sókè, kò sì ní ṣeé darí.

Ohun tó gba àkókò jù ni pitot, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fi agbára afẹ́fẹ́ tó ń kọlu ọkọ̀ wọn eré rẹ̀. Eré orí ilẹ̀ nìkan ni GPS mọ̀, bẹ́ẹ̀ apá kò mọ ilẹ̀, afẹ́fẹ́ ló mọ̀. Ìwádìí tí a bá gbé ka eré tí kò dájú, òfo ni.

Má gbé e sẹ́yìn propeller, yóò máa ka eré tó ju òótọ́ lọ. Àárín apá ọ̀tún la fi tiwa sí, ẹnu rẹ̀ yọ síwájú ní sẹ̀ǹtímítà 8. Ọ̀pá rọ́bà méjì ló so ó mọ́ sensor MS4525DO, ẹ̀rọ kékeré tó ń ka agbára afẹ́fẹ́. Ní mítà 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, agbára tó ń dé ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi Pascal (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́) 126. Ní mítà 9, 45 péré. Nítorí náà, àṣìṣe Pascal 10 tó ń yí eré padà ní mítà 0.6 nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, á di bíi mítà 1 nígbà tó bá rọra ń lọ, níbi tí ewu gan-an wà. Òdo ni àṣìṣe yẹn ti sábà ń wá: bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ sẹ́nu pitot nígbà tí a tan ẹ̀rọ, sensor á mú atẹ́gùn yẹn bí òdo. Fi aṣọ bo ẹnu rẹ̀, tan bátìrì, jẹ́ kó ka òdo tán kí o tó ṣí i. Nílé, fi ìdérí dé e. Kòkòrò tó ń fi amọ̀ kọ́lé sára ògiri fẹ́ràn irú ihò bẹ́ẹ̀ gan-an.

Láti yẹ̀ ẹ́ wò, mú ọkọ̀ kojú atẹ́gùn tààrà, kí o sì dá a padà lójú ọ̀nà kan náà, kí agbára mọ́tọ̀ àti gíga má yí. Bí GPS bá ka 12 ní àlọ, 18 ní àbọ̀, eré inú afẹ́fẹ́ jẹ́ 15. Ibẹ̀ ni pitot gbọ́dọ̀ sún mọ́. Òwúrọ̀ kùtù ló dára, nítorí tí ilẹ̀ bá ti gbóná, afẹ́fẹ́ tó ń gbéra sókè á da ìwọ̀n rú. Ojú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ ni pápákọ̀ òfurufú wà: jìnnà síbẹ̀, kí o sì gba àṣẹ NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà.

Àkúrẹ́ ga ju òkun lọ ní nǹkan bíi mítà 350. Nínú ooru 30°C, afẹ́fẹ́ wa wọn bíi kílò 1.12 ní kúbíkì mítà kan, kì í ṣe 1.225 tí ìwé ń lò. Bí software bá di 1.225 mú, eré tó máa kà á fi ìdá 4 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí òótọ́. Pẹ̀lú 1.12, tí a bá fi CLmax (ìwọ̀n agbára ìgbésókè tó pọ̀ jù tí apá lè ní) sí 1.1, stall, ìyẹn ibi tí apá ti ń jọ̀wọ́ ọkọ̀, bọ́ sí mítà 8.6 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ó ku òwú. Òwú ìránṣọ oní-sẹ̀ǹtímítà 4 la ó fi téèpù lẹ̀ mọ́ orí apá òsì ní ìlà mẹ́ta, kámẹ́rà á wà lórí ìrù. Èyí tó bá sùn sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ ṣì lẹ̀ mọ́ apá níbẹ̀. Èyí tó bá ń jó kiri tàbí tó dojú kọ iwájú, afẹ́fẹ́ ti já kúrò lára apá níbẹ̀. Irú òwú yìí náà ni NASA lẹ̀ mọ́ F-18 HARV, ọkọ̀ òfurufú tó fi ṣèwádìí ní Edwards, California, láti 1987 dé 1996. Apá tiwa kò tín-ín-rín lọ sí etí, nítorí náà ìdí apá ni afẹ́fẹ́ yẹ kó ti kọ́kọ́ já, kí aileron, pátákó kékeré etí apá tó ń yí ọkọ̀ sọ́tùn-ún sósì, ṣì lè darí. Bí òwú etí bá ṣíwájú, fóòmù ti lọ́. A ó tún un tẹ́ kí ó tó gbéra mọ́.