Oúnjẹ budgie tí ìyẹ́ rẹ̀ ń re: ẹ̀kọ́ fún ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sin ẹyẹ

Ẹ̀yin àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi budgie, ẹyẹ kékeré tó jẹ́ ẹ̀yà ayékòótọ́, ṣe ọ̀sìn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ohun kan. Bí ìyẹ́ ẹyẹ bá ń re, oúnjẹ tó yàtọ̀ ló ń fẹ́, kì í ṣe oúnjẹ púpọ̀. Budgie tó dàgbà kì í sábà wúwo ju gíráàmù 30 sí 40 lọ, wóró ọkà tó kún ṣíbí ìpotíì kan sí ọ̀kan-ààbọ̀ sì tó o jẹ lójúmọ́. Bẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di ṣíbí mẹ́ta torí pé ìyẹ́ ń re, ọ̀rá ni yóò kó sára, ìyẹ́ kò ní torí ẹ̀ tètè hù.

Ìdí rèé. Bí ìdá 90 nínú 100 ìyẹ́ ló jẹ́ purotéènì, methionine àti cysteine, méjì lára àwọn èròjà tó ń para pọ̀ di purotéènì, sì ni ìyẹ́ ń béèrè jù nínú rẹ̀. Jéró tí ọ̀pọ̀ wa ń rà lọ́jà kò ju nǹkan bí ìdá 11 purotéènì lọ, lysine inú rẹ̀, tí òun náà jẹ́ irú èròjà bẹ́ẹ̀, kò sì tó nǹkan. Ẹyẹ tó ń jẹ jéró lásán yóò hu ìyẹ́ náà o. Àmọ́ nígbà tí ìyẹ́ bá tún máa re, ẹ mú ọ̀kan, ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé. Bẹ́ ẹ bá rí ìlà tín-ín-rín tó dábùú rẹ̀, tí ìyẹ́ fẹ́lẹ́ níbẹ̀, ọjọ́ tí oúnjẹ kò tó tàbí tí ìdààmú bá ẹyẹ lásìkò tí ìyẹ́ yẹn ń hù lẹ ń wò yẹn. Ibẹ̀ náà ni yóò ti ṣẹ́.

Ọmọ ẹyẹ a máa re ìyẹ́ àkọ́kọ́ tó bá pé nǹkan bí oṣù 3 sí 4, ìlà tó wà níwájú orí rẹ̀ á sì pòórá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹyẹ inú ilé kì í wo oṣù kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹyin ni mo fi ṣe ọba oúnjẹ àsìkò yìí. Ẹ sè é fún ìṣẹ́jú 10 kó le dáadáa, ẹ má fi iyọ̀ sí i. Ẹ fi fọ́ọ̀kì tẹ funfun àti pupa rẹ̀ pọ̀, kẹ́ ẹ wá rin kárọ́ọ̀tì díẹ̀ sí i kó lè tú ká bíi gàrí tí wọ́n ta omi sí. Ìdajì ṣíbí ìpotíì tó fún ẹyẹ kan, láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Bí ìyẹ́ bá ń re kíkankíkan, ẹ lè máa fún un lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kẹ́ ẹ tó padà sí ẹ̀ẹ̀mẹta. Tó bá ti di wákàtí méjì, ẹ kó èyí tó ṣẹ́ kù dànù. Lásìkò oòrùn gbígbóná, wákàtí kan tó. Ẹyin tó ti bàjẹ́ á fún ẹyẹ ní ìgbẹ́ gbuuru, ìyẹn sì lè pa á kí ìyẹ́ kankan tó hù. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé fíríìjì tí iná rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀: ìyókù ẹyin tẹ́ ẹ sè, ẹ fi jẹ búrẹ́dì tiyín.

Nígbà tí ìyẹ́ bá ti hù tán, ẹ dín ẹyin kù sí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń bá a lọ, abo á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí yóò yé sí, kíndìnrín rẹ̀ á sì máa ṣiṣẹ́ tí kò yẹ kó ṣe.

Ẹyẹ tí kò bá fọwọ́ kan ẹyin lè jẹ ẹ̀wà tẹ́ ẹ sè títí tó fi rọ̀ pátápátá, láìsí iyọ̀, láìsí màgí, láìsí epo. Ẹ̀wà tí kò jinná ní májèlé. Lysine tí jéró kò ní tó wà nínú ẹ̀wà, methionine tí ẹ̀wà kò ní tó wà nínú jéró, torí náà ẹ má yọ jéró kúrò.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á dúró dìgbà tí ìyẹ́ bá kún ilẹ̀ kéèjì kí wọ́n tó gbé oúnjẹ tuntun dé. Budgie kì í ka ohun tí kò mọ̀ sí oúnjẹ. Ó lè wo ẹyin fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko láìtọ́ ọ wò. Oṣù tí ara rẹ̀ balẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti kọ́ ọ: ẹ wọ́n jéró díẹ̀ sórí ẹyin nínú àwo pẹrẹsẹ, kó máa ṣa jéró, kó sì máa kó ẹyin mọ́ ọn láìmọ̀. Fún ìdí kan náà, àsìkò tí ìyẹ́ ń re kọ́ lẹ máa gba wóró ọkà lẹ́nu rẹ̀ láti fi pellet, oúnjẹ ẹyẹ tí iléeṣẹ́ lọ̀ pọ̀ tí wọ́n sì ṣe ní wóró-wóró, rọ́pò.

Ewébẹ̀ ni wọ́n fi ń rí Vitamin A, èyí tí wóró ọkà kò ní tó. Tàtàṣé pupa, kárọ́ọ̀tì àti ewé móríńgà dára gan-an, ẹ fọ̀ wọ́n kí ẹ tó fún un. Tẹ̀tẹ̀ náà kò burú, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ ojoojúmọ́, torí ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń di kálísíọ̀mù mú. Píà kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ kéèjì, ó ń pa budgie.

Àwọn kan máa ń bu oúnjẹ adìẹ ayẹ́yin fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Kálísíọ̀mù inú rẹ̀ tó ìdá 3.5 sí 4 nínú 100, ti adìẹ tó ń yé lójoojúmọ́ ni, ó lè ba kíndìnrín budgie jẹ́. Egungun cuttlefish (ẹran inú òkun kan) tẹ́ ẹ so mọ́ ara kéèjì tó fún kálísíọ̀mù rẹ̀. Èmi kò sì fara mọ́ fítámì tí wọ́n ń po sínú omi: ẹyẹ lè mu ún díẹ̀ torí adùn rẹ̀ ti yí padà, kòkòrò àìfojúrí sì ń pọ̀ nínú irú omi bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣọ́ àwo oúnjẹ. Budgie ń bó wóró kó tó gbé e mì, inú àwo kan náà ló sì ń tu èèpo sí. Nírọ̀lẹ́, àwo á kún dẹ́nu, kó sì jẹ́ pé èèpo lásán ni. Ẹyẹ ti pebi kú sórí irú àwo bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ẹnu fẹ́ ẹ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kẹ́ ẹ rí ohun tó kù nísàlẹ̀. Nítorí bíbó tó ń bó o yìí náà ni kò fi nílò òkúta wẹ́wẹ́ bí adìẹ.

Láràárọ̀ kó tó jẹun, ẹ gbé e lé ìwọ̀n ilé ìdáná tó ń ka gíráàmù. Bí ẹyẹ gíráàmù 35 bá fi gíráàmù 3 sí 4 fò wálẹ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà. Bákan náà, ìyẹ́ tó ń re bó ṣe yẹ kì í fi awọ sílẹ̀ ní ìhòòhò, ńṣe ni tuntun ń ti ti àtijọ́ jáde. Tẹ́ ẹ bá rí awọ gbalasa, tàbí ẹnu tí ìpẹ́pẹ́ funfun bò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ mọ́, ẹyin kò lè wò ó.