Àjọ dín kù, owó oṣù kò dín kù

Oṣù kẹrin ọdún 2012 ni ìgbìmọ̀ Stephen Oronsaye, tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti yẹ àwọn àjọ rẹ̀ wò, jábọ̀ fún Ààrẹ Jonathan: kí àjọ ìjọba àpapọ̀ 263 tí òfin dá sílẹ̀ dín kù sí 161. Oṣù kejì ọdún 2024 ni ìjọba Tinubu ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí wọ́n mú un ṣẹ.

Àjọ tí òfin gbé kalẹ̀, òfin náà ló lè tú u ká. Àṣẹ ìpàdé àwọn mínísítà kò tó. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin gbọ́dọ̀ fagi lé òfin rẹ̀ tàbí kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ ẹni tí yóò jogún gbèsè, ilé, mọ́tò, iṣẹ́ kọngílá àti ẹjọ́ tó wà nílẹ̀. (Àwọn aṣòfin yìí náà ló sì ń dá àjọ tuntun sílẹ̀ lójoojúmọ́!)

Ìjọba ní òun kò ní torí èyí lé òṣìṣẹ́. Ó dáa, ṣùgbọ́n owó oṣù ló sábà máa ń jẹ owó jù ní àwọn àjọ yìí. Bí wọ́n bá da NEMA, àjọ tó ń rí sí ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì, pọ̀ mọ́ àjọ tó ń rí sí àwọn tí ogun lé kúrò nílé, ọ̀gá àgbà kan, ìgbìmọ̀ alábòójútó kan àti owó ilé ọ́fíìsì ni wọ́n máa yọ kúrò. Èrè tó kù, àfi kí wọ́n má gba ẹlòmíì rọ́pò àwọn tó bá ń fẹ̀yìn tì, ìyẹn sì máa pẹ́.