Iná lẹ́yìn àdìrẹ ẹlẹ́kọ

Alẹ́ àná ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, a na àdìrẹ ẹlẹ́kọ sára férémù, a to okùn iná LED sẹ́yìn rẹ̀. Ibi tí ẹ̀kọ láfún ti dènà aró ló ń tàn. Ìyókù dúdú bí kóró iṣin. Ojú kan ṣoṣo lára aṣọ ni wọ́n ń kun ẹ̀kọ sí, aró sì ń gba ojú kejì wọlé díẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi rí bíi sánmà, kì í funfun báláú. Ó wù mí bẹ́ẹ̀!

Okùn iná náà gùn ní mítà 5, fólítì 12 àti áḿpíà 6 ló ń lò. Ìparí okùn iná náà bá ń ṣe bàìbàì. Ẹ má jù ú nù o: bàbà inú rẹ̀ ló tín-ín-rín. Ẹ fa wáyà míì láti ìdí páwà, ìyẹn àpótí tó ń fún un níná, lọ síbẹ̀, kí iná wọlé ní orí okùn náà méjèèjì. Sẹ̀ntímítà 10 ni kẹ́ ẹ fi gbé okùn iná jìnnà sí aṣọ, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ojú iná á hàn tó-tò-tó.