Àròkàn kì í tú ìṣòro, àròjinlẹ̀ ni

Nígbà tí ìṣòro bá dé, ohun méjì ni ọkàn lè máa ṣe, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń pe méjèèjì ní ìrònú. Àròkàn ni ti àkọ́kọ́. Èèyàn á jókòó, á fọwọ́ lẹ́rán, ọ̀rọ̀ kan náà á máa yí lọ yí bọ̀ nínú rẹ̀ títí omi á fi bọ́ lójú. Èkejì ni àròjinlẹ̀. Ìyẹn máa ń rìn ní tirẹ̀: á kúrò níbì kan, á dé ibòmíràn, bó bá sì parí, ọwọ́ á ti mọ ohun tó kàn láti ṣe.

Ẹni tó bá ti dúró ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ rí, yálà ní Òdógbolú tàbí ní Ìjẹ̀bú-Igbó, á mọ̀ pé ariwo ẹ̀rọ náà kì í dáwọ́ dúró nígbà tí ẹ̀gẹ́ bá tán lẹ́nu rẹ̀. Ó ń yí, ó ń mu epo, kò sì sí nǹkan tó ń bọ́ sínú àpò. Bí àròkàn ṣe rí gan-an nìyẹn. Ó ń rẹni bí iṣẹ́ ṣe ń rẹni, ìdí sì nìyí tí ẹni tó fi gbogbo òru ṣe é fi máa ń gbà pé òun ti ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀nà tí ẹ lè fi dá wọn mọ̀ kò le. Ẹ wo aago. Bí ìṣẹ́jú 10 bá ti kọjá, ẹ bi ara yín pé: kí ni mo mọ̀ báyìí tí mi ò mọ̀ nígbà tí mo jókòó? Bí kò bá sí nǹkan kan, ẹ dìde. Ẹ lọ fọ abọ́, ẹ lọ pọnmi, kí ẹ tó padà wá, kí bírò àti ìwé sì wà lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀kejì.

Bírò yẹn ṣe pàtàkì. Ọkàn èèyàn kò lè di ju bíi nǹkan mẹ́rin mú lẹ́ẹ̀kan náà. Bí gbèsè, owó iléèwé, ọ̀rọ̀ àna àti orí fífọ́ bá ti wà níbẹ̀, kò sí àyè fún ìṣirò mọ́. Ohun tí ẹ bá kọ sílẹ̀, ọkàn á jù ú sílẹ̀, á sì rí àyè ṣiṣẹ́.

Àmọ́ kíkọ ọ́ nìkan kò tó. "Owó Ojúde Ọba kò tó" kì í ṣe ìṣòro, igbe ni. Kò sẹ́ni tó lè dáhùn igbe. Ẹ máa tún gbólóhùn náà kọ títí iye á fi wọ inú rẹ̀, títí ọjọ́ á fi wọ inú rẹ̀. Iléyá ń bọ̀, ọjọ́ kẹta rẹ̀ sì ni Ojúde Ọba, níbi tí Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ojúgbà, ti máa ń tò lọ kí Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹgbẹ́ ti mú aṣọ. Ká ní aṣọ, fìlà àti owó télọ̀ jẹ́ 85,000 náírà, 25,000 ti wà nílẹ̀, ọjọ́ 75 ló sì kù kí wọ́n gba owó. Ó ku 60,000. Ẹ pín in sí ọjọ́ 75, ó di 800 náírà lójúmọ́. Igbe ti di ìbéèrè báyìí: níbo ni 800 ti máa jáde lójoojúmọ́? Ìyẹn ni ọkàn lè gbà ṣiṣẹ́. Bí ìdáhùn bá sì jẹ́ pé kò sí ibi tó ti lè jáde, ẹ ti tètè mọ̀. Ọjọ́ 75 ṣì wà láti bá akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ tàbí láti fọ fìlà èṣí kí ẹ dé e. Ẹni tó mọ̀ nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kò ní ju ẹ̀yáwó lọ.

Ibì kan wà tí ìṣirò yìí ti máa ń já ni kulẹ̀. Bó bá jẹ́ alájọ ojoojúmọ́ ni ẹ fẹ́ kó o fún, owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni tirẹ̀. Ọjọ́ 75 á wọ káàdì mẹ́ta, ìyẹn ni pé 2,400 ti lọ, 57,600 ló sì máa dé ọwọ́ yín. Ẹ fi 850 ṣe é dípò 800. Ní ọjọ́ 75 ó di 63,750, bí alájọ bá yọ 2,550 tirẹ̀, 61,200 á kù. Owó kékeré báyìí ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín alájọ àti oníbàárà, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó jalè.

Ti owó rọrùn, nítorí iye wà níbẹ̀. Ibi tí àròjinlẹ̀ ti ń fi agbára rẹ̀ hàn jù ni ibi tí nǹkan bàjẹ́ tí a kò mọ ohun tó bà á jẹ́. Ká mú obìnrin kan tó ń yan gàrí Ìjẹ̀bú. Ó gbé àpò dé ọjà Òkè-Ajé, oníbàárà tú u, gàrí ti ń bu. Àròkàn á ní "ayé ló ń ṣe mí". Ìbéèrè kan ṣoṣo ni àròjinlẹ̀ ní: ìgbà wo ló dára gbẹ̀yìn?

Kó jókòó síbi tó dákẹ́, kó dijú, kó wá rin iṣẹ́ náà padà sẹ́yìn nínú ọkàn rẹ̀, láti ibi tí àbùkù ti hàn. Kó má fo ibi kankan. Kó rí ọwọ́ ara rẹ̀ níbi tó ti ń ṣe é. Nínú ọjà: ó ti bu. Nínú mọ́tò: òjò kò rọ̀, tapólì sì wà lórí ẹrù. Nínú yàrá, níbi tí àpò náà wà fún ọjọ́ mẹ́jọ: orí sìmẹ́ńtì lásán ló gbé e lé. Nígbà tó ń dì í sápò: ọwọ́ rẹ̀ á rántí pé ara àpò náà ń gbóná, nítorí ó ń kánjú lọ síbi ìkómọ lọ́jọ́ náà. Kó tó dì í: ó fi díẹ̀ sẹ́nu, ó gbẹ, ó ń dún lábẹ́ eyín. Ó dára nígbà yẹn. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú, láti orí híhó ẹ̀gẹ́ dé orí yíyan, ti bọ́ lọ́wọ́ ẹjọ́. Afurasí méjì ló kù: àpò gbígbóná àti ilẹ̀ sìmẹ́ńtì.

Ìdí tí mo fi ní kó padà sẹ́yìn rèé. Bó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ wá, ọkàn á máa sọ fún un bó ṣe máa ń ṣe é, kò ní sọ bó ṣe ṣe é lọ́jọ́ náà. Àṣà á bo ìrántí mọ́lẹ̀. Bó bá ń ti ẹ̀yìn bọ̀, kò sí àṣà tó lè gbá a lọ, ó di dandan kó dúró níbi kọ̀ọ̀kan.

Méjèèjì ló sì jẹ́ afurasí gidi. Gàrí tó wọ àpò ní gbígbóná máa ń làágùn. Ooru rẹ̀ á di omi lára àpò, omi á padà sínú gàrí. Sìmẹ́ńtì náà máa ń tutù, ó sì máa ń fa ọ̀rinrin wá sí ìdí àpò. Èwo ni? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba iṣẹ́ ọkàn wọn jẹ́: wọ́n á tún méjèèjì ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, nǹkan á dára, wọn ò sì ní mọ ohun tó tún un ṣe. Kó yí ohun kan ṣoṣo padà. Kó tẹ́ gàrí sílẹ̀ títí á fi tutù pátápátá, kó di kóńgò mẹ́rin péré sápò kékeré, kó sì gbé e sí ojú sìmẹ́ńtì yẹn kan náà fún ọjọ́ mẹ́jọ. Bí kò bá bu, ooru ni. Bó bá bu, kó wá pákó tẹ́ sábẹ́ àpò.

Bó bá jẹ́ kókó ló dì, ìrìn náà á jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Á kọjá àpò, á dé ẹnu agbada: ṣé iná kò pọ̀ jù ní ìbẹ̀rẹ̀, tí ẹ̀gẹ́ fi jinná kí omi rẹ̀ tó kúrò? Á kọjá agbada dé ìdí jáàkì: ṣé ó fún ẹ̀gẹ́ náà lọ́wọ́ wò kó tó jọ̀ ọ́, ṣé ó fọ́ sí wẹ́wẹ́ ni àbí ó lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́? Bó bá jẹ́ pé kò kan ló jẹ́ àbùkù, tí àwọn tó fẹ́ fi omi tútù mu ún ń ráhùn, orí iye ọjọ́ ló máa balẹ̀ sí. Gàrí Ìjẹ̀bú ń fẹ́ ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún nínú àpò kí wọ́n tó yan án, ìgbà ọyẹ́ sì máa ń fà á sẹ́yìn. Ìbéèrè kan náà ni lójú gbogbo rẹ̀. Ẹ lè fi wá ìdí tí jẹnẹrétọ̀ fi ń kú fúnra rẹ̀, ẹ sì lè fi wá ọjọ́ tí ẹ̀yin àti aládùúgbò yín jọ rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn.

Mi ò fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé ká kàn máa fojú inú rí ohun tí a fẹ́, ó máa dé. Ó ń dun mí, nítorí àwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò ló ń gbà á gbọ́ jù. Ní 1999, Lien Pham àti Shelley Taylor ní yunifásítì California ní Los Angeles gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan máa fojú inú rí ara wọn pẹ̀lú máàkì tó dára lọ́wọ́. Wọ́n ní kí àwọn mìíràn máa fojú inú rí ara wọn níbi tí wọ́n ti ń kàwé. Àwọn tó ń rí ìwé kíkà ló tètè bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, àwọn ló sì ṣe dáadáa jù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Àgó-Ìwòyè lè gba èyí mú: àga wo ni màá jókòó sí, aago mélòó, orí ìwé wo, kí ni màá ṣe bí wọ́n bá mú iná lọ? Ìṣẹ́jú márùn-ún ní àárọ̀ tó fún un.

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn, ti iná, ló níye lórí jù. Ọdún 1999 yẹn náà ni Peter Gollwitzer, ọmọ Jámánì kan tó ń ṣèwádìí bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́, kọ̀wé lórí agbára tó wà nínú gbólóhùn tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "bí". Bí wọ́n bá mú iná lọ, màá tan láńtà, màá sì ka ojú ìwé mẹ́ta sí i. Bí mo bá ti ka owó ọjà tán, 850 á bọ́ sínú àpò alájọ kí n tó ti ìsọ̀. Ọkàn ti ṣe ìpinnu sílẹ̀, nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ló máa pè é jáde, kò ní dúró de ìgbà tó bá wù wá. Gbólóhùn náà kì í ṣiṣẹ́ bí ibẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò bá ṣeé fojú rí: "bí mo bá ráyè" kò lọ́jọ́. Kì í ṣiṣẹ́ bí ìparí rẹ̀ bá jẹ́ ohun tí ẹ ò ní ṣe. "Mi ò ní bínú mọ́" kò sọ ohun tí ọwọ́ máa ṣe nígbà tí inú bá ru. Ẹyọ kan ni kí ẹ mú fún ìṣòro kan. Ẹni tó kọ mẹ́wàá lọ́jọ́ kan kò ní rántí ìkankan.

Ti ìbínú yẹn, oríkì wúlò fún un ju bí a ṣe rò lọ. Bí ará ilé kan náà bá tún da omi ìdọ̀tí sí ẹnu ọ̀nà yín, ẹ pe ara yín lóríkì nínú ikùn: Àbẹ̀kẹ́, kí ló ń bí ọ nínú gan-an? Kí lo fẹ́ kó ṣe lọ́la? Ẹ má fi "mo" kún un. "Mo" máa ń fi ni sáàárín ìjà. Orúkọ máa ń gbé ni lọ sórí àga àgbà tó ń gbọ́ ẹjọ́. Ní 2014, Ethan Kross àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ẹni tó bá ń fi orúkọ ara rẹ̀ bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ máa ń fara balẹ̀ ju ẹni tó ń wí "mo, mo" lọ nígbà tí àyà bá ń já a. Àwọn ìyá wa tó ń fi oríkì rẹ ọmọ tó ń sunkún lẹ́kún ti mọ ibi tí ohùn yẹn ń wọ̀.

Ẹ má ṣe èyíkéyìí nínú rẹ̀ lórí ibùsùn. Ní òru, gbogbo gbèsè máa ń tóbi. Ẹ dá àkókò fún un ní ọ̀sán, ìṣẹ́jú 20, orí àga kan náà lójoojúmọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá jí yín ní aago mẹ́ta òru, ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré sílẹ̀ nípa rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún un pé aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í rọrùn. Ọkàn kò tíì gbà gbọ́ pé ẹ máa dé ibi àdéhùn. Ẹ máa dé.

Ibì kan wà tí gbogbo èyí kò dé o. Bí oorun bá ti dá fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí oúnjẹ kò wọlé, tí ohun tó ń wu yín tẹ́lẹ̀ kò wù yín mọ́, àìsàn lè ni, kì í ṣe àìmọ̀-ọ́n-rò. Ilé ìwòsàn ńlá yunifásítì wà ní Ṣágámù, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Àrò sì wà ní Abẹ́òkúta. Bó bá jẹ́ pé èrò àtikú ló ń wá, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má sì dá nìkan wà: ọjọ́ náà ni kí ẹ lọ, kí ẹnì kan tẹ̀ lé yín.

Fún èyí tó kù, bó bá ṣòro fún yín láti dá rò, ẹ gbé e lọ bá ẹnì kan. Ẹni tí kì í fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ dá ti ẹlòmíràn dúró ni kí ẹ wá. Ẹ mú ìwé tí ẹ kọ ọ́ sí dání, kí ẹ sì tètè sọ ohun tí ẹ wá gbà, etí ni o, ìmọ̀ràn ni o, owó ni o, nítorí ẹni tí a kò bá sọ fún á rò pé owó ni, á sì ti máa wá àwáwí kí ẹ tó dé àárín ọ̀rọ̀. Ẹ lè sọ báyìí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kàn bá mi gbọ́ ọ ni. Tí mo bá sọ ọ́ tán, kí ẹ bi mí pé ìgbà wo ló dára gbẹ̀yìn."