Góòlù, idẹ àti iyùn lẹ́nu ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú

Okun o, ẹ̀yin èèyàn wa.

Ẹ̀rọ tó ń dún ní pápákọ̀ òfurufú kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Òrùka ìgbéyàwó góòlù gidi sábà máa ń gba àárín rẹ̀ kọjá láìsí ariwo, kí ẹ̀gbà ọwọ́ aláwọ̀ góòlù tí wọ́n rà lọ́jà Kàbà sì mú kó pariwo. Bí irin ṣe pọ̀ tó àti bí wọ́n ṣe rọ ọ́ ló ń wò, kì í ṣe iye tí wọ́n rà á.

Inú òpó méjèèjì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà yẹn ni wọ́n ká wáyà sí. Wáyà náà ń tú agbára òòfà jáde léraléra, ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí irin bá ti wọ àárín wọn, iná mànàmáná táṣẹ́rẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí po nínú irin yẹn, á sì tú agbára òòfà tirẹ̀ padà. Èyí tó padà yìí ni ẹ̀rọ ń gbọ́. Ìdí nìyẹn tí góòlù, fàdákà, idẹ àti bàbà fi ń mú un dún, bẹ́ẹ̀ òòfà kì í fa ìkankan nínú wọn. Ẹ̀gbà ọwọ́ tó yípo tí kò ní àlàfo ló burú jù, nítorí iná náà rí ọ̀nà yí po láìjá. Ṣéènì ọrùn tí ìwọ̀n rẹ̀ bá a dọ́gba lè máà dún tó bẹ́ẹ̀, torí àwọn ìkọ́ rẹ̀ kàn fara kanra lásán ni, iná kò fi bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà gbà láti orí ọ̀kan dé èkejì. Ẹni tó bá sì kó ẹ̀gbà mẹ́fà sọ́wọ́, àpapọ̀ wọn ni ẹ̀rọ máa rí.

Ká sòótọ́, ohun ọ̀ṣọ́ kọ́ ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró. Orí bẹ́líìtì ni, aago onírin, kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n gbàgbé sápò, àti irin pẹlẹbẹ tó wà nínú àtẹ́lẹ̀ bàtà mìíràn. Yẹtí kékeré, òrùka tín-ín-rín àti wáyà kọ́mú kì í sábà dún. Bí òrùka kò bá bọ́ mọ́, ẹ má fìyà jẹ ìka yín lórí ìlà. Ẹ wọ̀ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀. Bó bá dún, wọ́n á fi ọ̀pá ọwọ́ tó ń wá irin yẹ̀ yín wò, ó parí. Àwọn ẹ̀rọ kan tilẹ̀ wà tí wọ́n tò kó máa dún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹni tí kò gbé irin kankan, kí wọ́n lè yẹ onítọ̀hún wò. Ẹ má bá òṣìṣẹ́ jà nítorí ìyẹn.

Ti iyùn yàtọ̀. Iyùn gidi kì í ṣe irin, inú òkun ló ti wá, kò sì ní dún. Ohun tí wọ́n fi sín in ni kí ẹ wò: okùn ni àbí wáyà? Ìkọ́ ẹ̀yìn ọrùn ńkọ́? Àwọn ẹyọ aláwọ̀ góòlù tí wọ́n fi là á láàárín ńkọ́? Èjìgbà ńlá tí wọ́n fi wáyà sín lè dún dáadáa.

Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí á gba ẹnu ọ̀nà yìí kọjá wẹ́rẹ́, àmọ́ ẹ̀rọ kejì wà, èyí tí èèyàn ń dúró sínú rẹ̀ tí á sì gbọ́wọ́ sókè. Ìyẹn kò wá irin nìkan. Ìgbì rẹ̀ ń la aṣọ kọjá, ó ń ta padà lára, ohunkóhun tó bá sì bo awọ ara ló máa tọ́ka sí. Lójú rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí jẹ́ ohun àjèjì. Àmì á yọ níbi ìbàdí lórí àwòrán èèyàn tó wà lójú ẹ̀rọ. Obìnrin ni kó fọwọ́ yẹ obìnrin wò, ẹ sì lè ní kí wọ́n mú yín lọ sí yàrá. Ẹ kàn sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìlẹ̀kẹ̀ ni mo wọ̀ sídìí.” Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Gèlè àti aṣọ òkè olówùú dídán náà ń dá wàhálà sílẹ̀ níwájú ẹ̀rọ kejì yìí, torí òwú náà ní irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ìgbì ń ta padà lára rẹ̀. Gèlè tó ga tún lè mú kí wọ́n ní kí ẹ tú u. Ẹni tó bá ń ti òde ìgbéyàwó bọ̀, tó fẹ́ wọ bàálù lọ́jọ́ kejì, kó ká gèlè rẹ̀ sínú báàgì, kó so ìborí lásán. Èmi ò rí ìdí tí èèyàn á fi wé gèlè wọ bàálù, ṣùgbọ́n àwọn màmá wa kì í gbọ́.

Ẹni tó bá gba Ọ̀bàjánà àti Lọ́kọ́jà lọ wọ bàálù ní Àbújá, ibi tí ọkọ̀ bá ti dúró jẹun ni kó ti bọ́ gbogbo ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀. Ẹni tó gba Òmù-Àrán lọ sí Ìlọrin, kó ti bọ́ tiẹ̀ kó tó kúrò nílé. Ẹ kó wọn sínú àpò kékeré onísíìpù, ẹ fi àpò náà sínú báàgì ọwọ́. Ẹ má tò wọ́n sórí abọ́ ike lásán: òrùka ń yí, yẹtí ń há sáàárín rólà. Ẹ má sì fi agolo bisikíìtì tàbí fóìlì dì í. Lójú ẹ̀rọ tó ń yẹ báàgì wò, oúnjẹ àti aṣọ máa ń pọ́n bí ọsàn, irin máa ń ní àwọ̀ búlúù, ohun tó bá sì nípọn ju kí ìtànṣán là á kọjá lọ á dúdú kirikiri. Ẹ̀gbà mẹ́wàá nínú agolo á di òkìtì dúdú kan, wọ́n á sì tú báàgì yín tọwọ́tẹsẹ̀.

Inú ẹrù tí wọ́n ń kó sísàlẹ̀ bàálù kọ́ ni ibi góòlù. Lábẹ́ Àdéhùn Montreal ti 1999, iye tó ga jù tí ilé iṣẹ́ bàálù lè san lórí gbogbo ẹrù èrò kan nínú ìrìn àjò òkè òkun jẹ́ SDR 1,519 láti òpin 2024 (SDR ni òṣùwọ̀n owó tí IMF, àjọ owó àgbáyé, ń lò). Ọ̀pọ̀ wọn sì ti kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn tíkẹ́ẹ̀tì pé àwọn kò dáhùn fún ohun ọ̀ṣọ́ tó bá sọnù níbẹ̀.

Ti àwọn olóyè wa ló wá le díẹ̀. Idà oyè, kódà bí kò bá mú, ẹrù ìsàlẹ̀ ni. Ẹ̀gbà eyín erin kò ní dún rárá, ṣùgbọ́n láti 1989 ni àwọn orílẹ̀-èdè inú CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu, ti fẹnu kò láti fòfin de òwò eyín erin káàkiri ilẹ̀ òkèèrè. Láìsí ìwé àṣẹ, àwọn aṣọ́bodè lè gba èyí tí bàbá ńlá yín jogún. Ẹ fi sílẹ̀ nílé. Ońdè tí wọ́n rán awọ mọ́ náà ńkọ́? Bí òjé tàbí àgádágodo bá wà nínú rẹ̀, wọ́n á béèrè pé kí ẹ tú u. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n tú tiẹ̀, ó mọ ibi tó yẹ kó fi í sí.

Ẹni tí wọ́n fi irin to eegun rẹ̀ kó sọ fún òṣìṣẹ́ kó tó wọlé. Lẹ́tà ilé ìwòsàn kò ní kí wọ́n má yẹ̀ ẹ́ wò, ó kàn ń ṣàlàyé ni. Ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ kó fi káàdì rẹ̀ hàn, kó ní kí wọ́n fi ọwọ́ yẹ òun wò, kí wọ́n má sì gbé ọ̀pá ọwọ́ yẹn dúró lókè àyà òun.

Nígbà tó bá kan yín, ẹ má tètè ti báàgì sínú ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kí ẹni iwájú kọjá tán, kí báàgì yín má baà jáde sódì kejì nígbà tí wọ́n ṣì ń yẹ̀ yín wò. Ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀ wa, àyẹ̀wò lè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí náà ẹ má wọ ohunkóhun padà títí ẹ ó fi kọjá èyí tó kẹ́yìn. Ẹ ya àwòrán gbogbo rẹ̀ sórí fóònù láti ilé. Bí ọ̀kan bá dín, ẹ padà sí ìlà yẹn gan-an kí ẹ tó wọ bàálù, ẹ fi àwòrán náà han ọ̀gá tó wà níbẹ̀, ẹ sì sọ àkókò tí ẹ kọjá fún un, kó lè wo kámẹ́rà.